Orí Kẹfà: Dídá Fọ́tò Àtijọ́ Orí Gíláàsì àti Mẹ́táàlì Mọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn

Èròńgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ohun tí a fi ṣe daguerreotype, ambrotype, tintype àti nẹ́gátíìfù gíláàsì, àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbòde;
(b) fi ẹ̀rí tó ju ẹyọ kan lọ dá wọn mọ̀ láì ba ohunkóhun jẹ́;
(d) ṣàlàyé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà bàjẹ́;
(e) yan ìtọ́jú tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi yàn án.

6.1 Ìfáàrà

Orí pépà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ fọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò di ohun tí aráyé mọ̀ ní ọdún 1839, orí mẹ́táàlì ni àwòrán tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ wà. Nígbà tó yá, gíláàsì dé, irin pẹlẹbẹ sì tẹ̀ lé e. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti lọ́wọ́ àwọn ẹbí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ya àwọn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ní ilé ìyàwòrán ní ìlú Hartford, kó lọ sí Làìbéríà ní ọdún 1853, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní Monrovia. Àwòrán àwọn olóṣèlú Làìbéríà tó yà sórí fàdákà wà ní Library of Congress ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdámọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Nínú àpótí wọn, irú àwòrán mẹ́ta, ìyẹn daguerreotype, ambrotype àti tintype, lè jọ ara wọn gan-an: gbogbo wọn kéré, gbogbo wọn ṣókùnkùn díẹ̀, gbogbo wọn sì wà lẹ́yìn gíláàsì àti férémù idẹ. Síbẹ̀, ohun tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì. Aṣọ rírọ̀ tí a fi nu gíláàsì lásán láì sí ewu lè pa daguerreotype rẹ́ ní ìnù ẹ̀ẹ̀kan. Álíkọ́ọ̀lù tí kò ṣe irin lásán ní nǹkan kan lè yọ́ awọ àwòrán tó wà lórí tintype. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ire ló ń rò. Nítorí náà, lára ohun náà gan-an ni a ó ti wá ẹ̀rí, ẹ̀rí náà yóò sì ju ẹyọ kan lọ, kí a tó ṣe ohunkóhun sí i.

6.2 Daguerreotype: àwòrán orí fàdákà

Daguerreotype ni àwòrán tí a yà sórí pẹlẹbẹ bàbà tí a fi fàdákà bò, tí a sì dán títí ó fi ń dán bíi dígí. Orúkọ Louis Daguerre, ará Faransé, ni wọ́n fi pè é. Oṣù kìíní ọdún 1839 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Párísì. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn bí a ṣe ń ṣe é. Onífọ́tò á kọ́kọ́ gbé pẹlẹbẹ náà sórí èéfín ayodíìnì kí ojú fàdákà lè máa gba ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti lò ó nínú kámẹ́rà, á gbé e sórí èéfín mákúrì tí a mú gbóná, àwòrán á sì jáde. Ní ọdún 1840, Hippolyte Fizeau fi hàn pé bí a bá fi omi tó ní wúrà nínú ṣe é, àwòrán náà á túbọ̀ mọ́lẹ̀, á sì túbọ̀ lágbára. Ibi tó funfun nínú rẹ̀ jẹ́ hóró kéékèèké fàdákà àti mákúrì tó jókòó lórí pẹlẹbẹ náà. Ibi tó dúdú sì ni fàdákà dídán fúnra rẹ̀, tó ń gbé òkùnkùn tó kọjú sí i hàn. Kò sí awọ kankan tó di àwọn hóró náà mú. Ìka tó bá kàn wọ́n yóò kó wọn lọ.

Bí a ṣe ṣe é yìí náà ló fún wa ní àmì tó dájú jù lọ. Tí a bá mú daguerreotype lọ́wọ́, tí a sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, àwòrán á hàn kedere níbì kan. Níbòmíràn á yí padà bíi nẹ́gátíìfù, ojú á dúdú, ẹ̀wù dúdú á funfun. Tí a bá sì tún yí i, ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò yọ nínú rẹ̀. Nínú irú mẹ́ta tí wọ́n ń fi sínú àpótí, òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò ní nẹ́gátíìfù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tún àti òsì sábà máa ń pààrọ̀ ara wọn nínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 1846 sí 1847, Augustus Washington ya John Brown, ẹni tó bá ètò oko ẹrú jà ní Amẹ́ríkà. Nínú àwòrán náà, Brown gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń búra, ó sì fi èkejì di àsíá mú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ báyìí ló gbé sókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú fọ́tò tí ó ń wò.

6.3 Collodion àti ambrotype: àwòrán orí gíláàsì

Ní ọdún 1851, Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọ̀nà tuntun kan jáde. Collodion ni oje kíki tí a ń rí nígbà tí a bá yọ́ òwú tí a ti fi ásíìdì ṣe sínú ẹ́tà àti álíkọ́ọ̀lù. Onífọ́tò á dà á sórí gíláàsì, á rì í bọ omi tó ní iyọ̀ fàdákà, á sì ya àwòrán kí ó tó gbẹ. Ohun tó bá kù sórí gíláàsì náà ni awọ àwòrán, ìyẹn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé àwòrán dúró.

Ambrotype ni àwòrán collodion tí a mọ̀ọ́mọ̀ yà fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, tí a sì fi ohun dúdú sí lẹ́yìn. Lóòótọ́, nẹ́gátíìfù ni. Ṣùgbọ́n fàdákà inú rẹ̀ ní àwọ̀ mílíìkì, nítorí náà tí dúdú bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí fàdákà wà á funfun, ibi tí kò sí á dúdú, ojú wa á sì rí àwòrán gidi. Ohun dúdú náà lè jẹ́ ọ̀dà, aṣọ, pépà, tàbí mẹ́táàlì pẹlẹbẹ tí a kùn. Nígbà mìíràn, gíláàsì pupa tó ṣú ni wọ́n lò láti ìbẹ̀rẹ̀. James Ambrose Cutting gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kan láti ṣe é ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1854, ó sì gbòde fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Kò ní ojú dígí bíi daguerreotype. Níbi tí ọ̀dà ẹ̀yìn bá ti bó, ihò tó mọ́ gaara á hàn láàárín àwòrán. Bí ohun dúdú náà bá jẹ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì fi pépà funfun rọ́pò rẹ̀, àwòrán á padà di nẹ́gátíìfù. Ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ẹ̀rí níbí, torí onífọ́tò lè kọ ẹ̀yìn gíláàsì náà síta kí ó lè tún wọn ṣe.

6.4 Tintype: àwòrán orí irin

Tintype ni àwòrán collodion tí a yà sórí irin pẹlẹbẹ tí a ti fi ọ̀dà dúdú kùn. Hamilton Smith, olùkọ́ ní Kenyon College ní Ohio, gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1856. Ọgbọ́n kan náà tó gbé ambrotype dúró ló gbé e dúró: dúdú wà lẹ́yìn, fàdákà tó funfun wà níwájú. Ṣùgbọ́n irin kì í fọ́, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ṣeé fi sínú lẹ́tà. Ìdí nìyí tó fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865, tí wọ́n sì ń yà á títí wọ ọ̀rúndún ogún. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú àpótí; inú àpò pépà ni wọ́n wà. Tí a bá rí sítáǹbù owó orí ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́yìn àpò náà, ẹ̀rí tó lágbára nípa ọdún ni, torí láàárín oṣù kẹsàn-án 1864 sí oṣù kẹjọ 1866 nìkan ni òfin fi dandan mú sítáǹbù náà lórí fọ́tò.

6.5 Nẹ́gátíìfù gíláàsì

Nẹ́gátíìfù gíláàsì ni gíláàsì tí a ya àwòrán sí kí a lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lẹ́yìn náà. Nígbà tí Camille Silvy ya Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n mú lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọkọ rẹ̀ James Davies ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1862, orí gíláàsì ni àwòrán wọn kọ́kọ́ wà, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ambrotype ni pé nẹ́gátíìfù máa ń ṣú ju ambrotype lọ kí ó lè tẹ̀ dáadáa, kò sì ní ohun dúdú lẹ́yìn.

Irú nẹ́gátíìfù gíláàsì méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ti collodion ni àkọ́kọ́: ọwọ́ ni wọ́n fi da oje rẹ̀, nítorí náà etí rẹ̀ kì í tẹ́jú, ibi tí ìka onífọ́tò ti di igun mú lè hàn, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jọ ti kọfí oníwàrà. Irú kejì ni gíláàsì gbígbẹ, tí gelatin gbé àwòrán rẹ̀ dúró. Richard Leach Maddox ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1871. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é tà. Ẹ̀rọ ló kùn ún, nítorí náà ó tẹ́jú, gíláàsì rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí eérú, fàdákà sì lè máa kọ mànà létí rẹ̀. Irú yìí ló ṣeé ṣe jù kí a bá pàdé ní Nàìjíríà. Àkójọ S. O. Alonge, onífọ́tò ààfin Ọba Benin, tó wà ní National Museum of African Art ní Amẹ́ríkà, ní nẹ́gátíìfù gíláàsì nínú.

6.6 Ìdí tí ẹ̀rí kan kò fi tó

Àwọn kan gbà pé àpótí nìkan ti tó láti fi mọ irú àwòrán àti ọdún rẹ̀. Lóòótọ́, àpótí àwòrán ní ìtàn tirẹ̀: àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ pákó tí a fi awọ bò, Samuel Peck sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1854 lórí irú èyí tí a fi ìyẹ̀fun igi àti ṣẹ́láàkì tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù. Nítorí náà, àpótí Peck kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àpótí lè sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí a lè pààrọ̀ rẹ̀. Àpótí ọ̀kan fọ́, ẹbí gbé àwòrán sínú òmíràn. Ọlọ́jà rí àpótí tó lẹ́wà, ó fi àwòrán tó rẹwà sínú rẹ̀ kí ó lè tà. Àpótí ń jẹ́rìí nípa ara rẹ̀. Kò lè jẹ́rìí nípa ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá tì í lẹ́yìn.

Àwọn mìíràn gbára lé òòfà: bí òòfà bá fa àwòrán, wọ́n á ní tintype ni. Òòfà wúlò, torí kì í fa bàbà, fàdákà tàbí gíláàsì. A ó fi òòfà kékeré kan ẹ̀yìn àpótí fẹ́ẹ́rẹ́, a kò ní fi kan ojú àwòrán láé. Síbẹ̀, ambrotype tí wọ́n fi irin kíkùn sí lẹ́yìn á fa òòfà, bẹ́ẹ̀ ni tintype tó wà nínú àpótí tó nípọn lè má fà á rárá. Nítorí náà, bí a ṣe ń tò ó nìyí. A ó kọ́kọ́ yí àwòrán síbi ìmọ́lẹ̀: bí ó bá di dígí, daguerreotype ni. Bí kò bá dì í, a ó fi tọ́ọ̀ṣì wo etí rẹ̀ àti ibi tó bó: bí a bá rí ìnípọn gíláàsì tàbí ihò tó mọ́ gaara, ambrotype ni; bí a bá rí ìpáàrà tàbí ibi tó tẹ̀, tintype ni. Òòfà á wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹ̀rí méjì bá ta ko ara wọn, a ó kọ méjèèjì sílẹ̀, a kò sì ní tú àpótí láti wá òtítọ́. Ìwé tí wọ́n fi lẹ etí daguerreotype ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá ya á nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ìbàjẹ́.

6.7 Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bàjẹ́

Ọ̀tá daguerreotype ni afẹ́fẹ́ tó ní sọ́fúrù nínú àti ọwọ́ ènìyàn. Fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà láti etí férémù idẹ wá sí àárín: òrùka aláwọ̀ ìyeyè àti búráùn á yọ, búlúù á tẹ̀ lé e, títí á fi dé ojú ẹni tó wà nínú àwòrán. Gíláàsì tó bò ó náà lè máa bàjẹ́. Omi tíńtínní bí ìrì á jáde lára rẹ̀, èyí tó bá sì kán sórí fàdákà á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ti ambrotype yàtọ̀: ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbẹ, tó ń là, tó ń bó, nígbà mìíràn a sì máa fa awọ àwòrán lọ. Tintype ń dógùn-ún láti etí tàbí ibi tó ti tẹ̀, ìpáàrà náà á sì ti ọ̀dà àti àwòrán sókè. Gíláàsì gbígbẹ ní tirẹ̀ ń jìyà ọ̀rinrin jù, torí gelatin máa ń wú tí omi bá kàn án, ebu a sì máa jẹ ẹ́; bí ibi tó wà bá sì gbẹ jù, etí rẹ̀ á máa ṣí kúrò lára gíláàsì.

6.8 Ìtọ́jú

Ìpìlẹ̀ kan wà fún gbogbo wọn. A ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí kò ní ìyẹ̀fun, torí ìbọ̀wọ́ òwú máa ń yọ̀ lórí gíláàsì, ó sì máa ń fa awọ tó ń bó. Orí tábìlì tí a tẹ́ ohun rírọ̀ sí ni a ó ti yẹ̀ wọ́n wò. Pẹ́ńsù ni a ó fi kọ orúkọ sára àpò pépà kí àwòrán tó wọ inú rẹ̀, pépà náà kò sì gbọdọ̀ ní ásíìdì. Ibi tí ooru kò pọ̀ ni a ó kó wọn sí, nǹkan bí 18 lórí ìwọ̀n Celsius tàbí kí ó dín. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wà láàárín ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún gíláàsì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, yíyí tí ojú ọjọ́ inú yàrá ń yí láti wákàtí dé wákàtí lè léwu ju ooru tó dúró sójú kan lọ. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń pa á lálẹ́, lè mú kí omi dì sára gíláàsì. Ó sàn kí a kó àpótí wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin ní àárín ilé, jìnnà sí ògiri ìta àti ilẹ̀, kí a sì fi ohun tó ń fa ọ̀rinrin sínú àpótí tí a dé pa.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀. Daguerreotype yóò wà nínú àpótí rẹ̀, a ó sì gbé e sílẹ̀ gbalaja. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì tàbí omi. Ambrotype kò gbọdọ̀ sún mọ́ álíkọ́ọ̀lù. Tintype tó tẹ̀ ni a ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí títẹ̀ ẹ́ padà ló ń fọ́ ọ̀dà rẹ̀; páálí ni a ó fi tì í lẹ́yìn. A ó fi pépà tó ń ká láti ìhà mẹ́rin di nẹ́gátíìfù gíláàsì, a ó gbé e dúró lórí etí rẹ̀ tó gùn, a kò sì ní tò wọ́n lé ara wọn. Èyí tó fọ́ ni a ó gbé sílẹ̀ gbalaja, àfọ́kù kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀, láì lo sẹ́lótéèpù tàbí gọ́ọ̀mù.

6.9 Àtakò méjì

Àtakò kìíní ni pé àwòrán tó ti ṣú kò wúlò, nítorí náà ó yẹ kí a fọ̀ ọ́ kí a lè rí i. Ìtàn iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń fi omi tó ní thiourea fọ daguerreotype, wọ́n sì dùn sí i lójú, torí òrùka aláwọ̀ náà lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé kẹ́míkà náà ń jẹ fàdákà, àti pé èyí tó kù sórí pẹlẹbẹ ń fa àbàwọ́n tuntun. Àwòrán tó ṣú ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí a fọ̀ nù kò sí mọ́. Ohun tí a lè ṣe láì séwu ni kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú pààrọ̀ gíláàsì ìbòrí tó ti bàjẹ́, kí ó sì fi ìwé tuntun lẹ etí rẹ̀.

Àtakò kejì ni pé bí a bá ti ya ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ìtọ́jú ohun náà ti parí. Ẹ̀dà wúlò gan-an: ó ń dín bí ọwọ́ ṣe ń kan àwòrán kù, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tó jìnnà rí i. Ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lè fi gba daguerreotype. Yíyí tó ń yí padà síbi ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú ẹ̀dà. Ẹ̀dà kò ní ìnípọn gíláàsì, kò ní ọ̀dà ẹ̀yìn, òòfà kò sì lè fà á. Bí ẹnì kan bá jiyàn lọ́la pé ambrotype kọ́ ni, tintype ni, ohun tí a fi lè dá a lóhùn wà lára ohun náà nìkan. Ẹni tó bá ju ohun náà nù nítorí ẹ̀dà ti ju ẹ̀rí nù.

Àkótán

1. Daguerreotype wà lórí bàbà tí a fi fàdákà bò; ó ń di dígí tí a bá yí i síbi ìmọ́lẹ̀.
2. Ambrotype jẹ́ nẹ́gátíìfù collodion fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ohun dúdú lẹ́yìn; tintype wà lórí irin tí a kùn ní dúdú.
3. Nẹ́gátíìfù gíláàsì lè jẹ́ ti collodion tàbí ti gelatin. Etí àti àwọ̀ wọn kò rí bákan náà.
4. Àpótí tàbí òòfà nìkan kò tó láti fi dá àwòrán mọ̀. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti ara wọn lẹ́yìn.
5. Ìbàjẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wá láti inú ohun tí a fi ṣe é, nítorí náà ìdámọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtọ́jú.
6. A kì í nu ojú daguerreotype, a kì í fọ̀ ọ́, a kì í sì í tú u láti fi wá ẹ̀rí.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìtumọ̀ (a) collodion, (b) awọ àwòrán, (d) gíláàsì gbígbẹ?
2. Ṣàlàyé ìdí tí ambrotype fi ń hàn bí àwòrán gidi bó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́gátíìfù ni.
3. Wọ́n gbé àwòrán kékeré kan wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nínú àpótí aláwọ. Òòfà fà á, kì í di dígí, ṣùgbọ́n ìnípọn gíláàsì hàn ní igun kan tí dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Irú èwo ni? Fi ẹ̀rí mẹ́ta gbe ìdáhùn rẹ.
4. Tintype kan ní sítáǹbù owó orí lẹ́yìn àpò rẹ̀. Ọdún wo sí ọdún wo ni a lè fi í sí? Kí ni a ó yẹ̀ wò kí a tó gbà pé àpò náà àti àwòrán náà jọ wá?
5. Ya tábìlì olópòó mẹ́rin: irú àwòrán, ohun tí a fi ṣe é, bí ó ṣe ń bàjẹ́, ohun tí kò gbọdọ̀ kàn án.
6. «Àwòrán tí a ti ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò nílò àpótí mọ́.» Jiyàn lórí gbólóhùn yìí ní ojú ìwé kan, kí o sì lo àpẹẹrẹ láti inú orí yìí.
7. Iṣẹ́ àṣelọ́wọ́: Ṣe ètò ìkópamọ́ fún ogún nẹ́gátíìfù gíláàsì ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀, tí iná kò sì dúró. Sọ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà, bí gíláàsì yóò ṣe dúró nínú rẹ̀, àti ìdí fún ìpinnu kọ̀ọ̀kan.